Kí ni “rely” túmọ̀ sí gan-an, àwọn ọ̀rọ̀ wo ló sì lè rọ́pò rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dénú, mo kí yín o. Àròkọ kan ni mò ń kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ṣàkíyèsí pé nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan gbẹ́kẹ̀ lé ẹlòmíràn, “rely” nìkan ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ìwé atúmọ̀ èdè tí mo yẹ̀ wò to “depend”, “trust” àti “count on” tẹ̀ léra bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti kà á níbòmíràn pé èèyàn lè “rely on” ẹni tí kò “trust” rárá. Báwo ni ìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìdáhùn kìn-ín-ní

“Rely” ni kí èèyàn gbára lé ẹnì kan tàbí ohun kan, nítorí ó dá a lójú pé onítọ̀hún yóò ṣe ohun tí a ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kì í dá dúró. “On” tàbí “upon” gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e kí a tó dárúkọ ẹni tí a gbára lé. “I rely on her” ló tọ̀nà, nígbà tí “trust” lè gba ẹni náà tààrà, pé “I trust her”. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ohun tí ẹ ń retí kún un, “I rely on him to come” ni kí ẹ kọ, ẹ má ṣe fi “that” tẹ̀ lé “rely”.

“Depend” ló sún mọ́ ọn jù lọ, òun náà sì ń gba “on”, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ kan tí “rely” kò lè bá a ṣe. Bí a bá fẹ́ sọ pé bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí ni yóò pinnu bóyá a máa lọ, “It depends on the weather” là ń sọ; “rely” kò lè wọ ibẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń gbára lé ohunkóhun níbẹ̀. Inú Látìn ni “depend” ti wá, ó sì túmọ̀ sí kí ohun kan so rọ̀ mọ́ òmíràn, nígbà tí “rely” gba inú èdè Faransé àtijọ́ kọjá láti ara ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí dídì pọ̀.

“Count on” àti “bank on” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ju ọ̀rọ̀ ìwé lọ. Ẹni tó ń “bank on” ohun kan ti gbójú lé e débi pé ó ti fi ṣètò ọ̀la rẹ̀, bíi ti àgbójúlógún. Ní tèmi, n kò ní lò ó nínú àròkọ tó nílò èdè àpọ́nlé.

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “trust” ni olùbéèrè fẹ́ gbọ́ jù. Annette Baier, onímọ̀ ọgbọ́n-orí tí wọ́n bí ní New Zealand, yanjú rẹ̀ nínú àròkọ kan tó gbé jáde ní ọdún 1986. Àlàyé rẹ̀ ni pé ẹni tí a gbára lé lásán lè já wa kulẹ̀, àmọ́ ẹni tí a fọkàn tán nìkan ló lè dalẹ̀ wa. Ó fi àwọn aládùúgbò Immanuel Kant, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará Jámánì, ṣe àpẹẹrẹ, àwọn tí wọ́n ń fi ìṣe Kant tí kì í yẹ̀ ṣe aago. Bí Kant bá sùn pẹ́ lọ́jọ́ kan, ètò wọn lè dàrú, ṣùgbọ́n wọn kò lè ní ó dalẹ̀ àwọn, torí kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè gbára lé ọ̀tá rẹ̀ pé yóò tún purọ́ bó ṣe máa ń ṣe, láìfọkàn tán an. Ìṣe ẹni ni “rely” ń wò. Èrò rere tí ẹni náà ní sí wa ni “trust” ń wò.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ó ti yé mi. “Entrust” àti “confide” ńkọ́?

Ìdáhùn kẹta

Ọ̀dọ̀ “trust” ni àwọn méjèèjì fì sí. “Entrust” ni kí a fi ohun kan síkàáwọ́ ẹni tí a fọkàn tán, ọ̀nà méjì la sì lè gbà kọ ọ́: “entrust the keys to her” tàbí “entrust her with the keys”. “Confide in” ni kí a finú han ẹnì kan, kí a sọ àṣírí wa fún un. Ẹ tún kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe tó ti ara “rely” àti “trust” jáde: ẹ̀rọ tí kì í dẹnu kọlẹ̀ jẹ́ “reliable”, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pa àṣírí mọ́ ni ẹ ó pè ní “trustworthy”.