Bàbá mi jẹ́ ẹnjiníà nínú iṣẹ́ sójà, kí ni kí n kọ nípa wọn?

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Bàbá wa papòdà lọ́dún tó kọjá, ìrántí ọdún kan ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, níbí ní Abẹ́òkúta la ti máa ṣe é, àwọn ẹbí wá ní kí èmi kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sínú ìwé tí a máa pín fún àlejò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé mi ò mọ nǹkan kan. Sójà ni bàbá, Army Engineers ni wọ́n wà, wọ́n wọṣẹ́ ní 1963, ogun Biafra bá wọn lẹ́nu iṣẹ́, Méjọ̀ ni wọ́n nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ó tán. Tí a bá béèrè ọ̀rọ̀ ogun lọ́wọ́ wọn, wọ́n á ní ṣé ẹ ti jẹun.

Ìgbà tí a ń kó yàrá wọn, a rí fìlà iṣẹ́ wọn, fọ́tò méjì, àti ìwé kékeré kan tí èèpo ẹ̀ ti ń já, pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rí: "DS 60, 24". Ìlà tó tẹ̀ lé e, "TS 80, 48". Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ dé nǹkan bí ojú ìwé mẹ́rin, kò sí àlàyé kankan. Àbúrò bàbá ní nọ́ńbà púùlù ni, màámi ò tiẹ̀ fẹ́ kí n mú ìwé yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn. Àmọ́ bàbá tí mo mọ̀ kì í ta tẹ́tẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó tó un.

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wo gan-an làwọn ẹnjiníà sójà ń ṣe? Ṣé ilé ni wọ́n ń kọ́ fáwọn sójà yòókù ni? Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé "wọ́n bí wọn ní báyìí, wọ́n lọ iléèwé báyìí, wọ́n gba oyè báyìí" nìkan ni màá kọ.

Àgbà Alámàlà

Àbúrò, ẹ kú aṣẹ̀yìndè, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Iṣẹ́ kan náà ni mo ṣe, ẹ̀yìn ogun ni mo wọlé ní tèmi, Makurdi ni iléèwé wa wà. Mo ka ohun tí o kọ yẹn, orí mi wú, mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Kì í ṣe púùlù o! Afárá ni.

Afárá Bailey ni à ń pè é, ará Ìlú Ọba kan tó ń jẹ́ Donald Bailey ló ronú ẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Irin ni, páńẹ́lì páńẹ́lì, fíìtì mẹ́wàá ni gígùn ọ̀kan, fíìtì márùn-ún ni gíga ẹ̀, ó lé ní 250 kílò, èèyàn mẹ́fà ló ń gbé e, mẹ́ta lápá kan mẹ́ta lápá kejì, tí ẹnì kan bá sì jọ̀wọ́ ẹ̀ láìsọ fáwọn yòókù ó lè gé èèyàn lẹ́sẹ̀. Tí wọ́n bá gbé e kan ara wọn, pín-ìn-nì irin ni wọ́n máa ń gbá sí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé.

Wá wo ìwé bàbá ẹ báyìí. D yẹn ni double, ìyẹn ni pé páńẹ́lì méjì-méjì ló dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì afárá. S ni single, kò ní àjà kejì. 60 ni gígùn ẹ̀, fíìtì 60. Tí páńẹ́lì kan bá gùn ní fíìtì mẹ́wàá, ìdákọ mẹ́fà nìyẹn, ìyẹn abala mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀, ìdákọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ páńẹ́lì mẹ́rin, mẹ́rin lọ́nà mẹ́fà, 24. Òun ni 24 tí wọ́n kọ síwájú ẹ̀. TS ni triple, mẹ́ta-mẹ́ta, fíìtì 80, mẹ́fà lọ́nà mẹ́jọ, 48. Iye páńẹ́lì tí wọ́n máa kó sínú lọ́rí ni bàbá ń ṣírò, torí tó bá fi ọ̀kan ṣoṣo dín nígbà tẹ́ ẹ bá débi odò, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Etí odò tẹ́ ẹ bá wà lẹ ti máa tò ó, ẹ ó gbé e lé orí rólà, ẹ ó fi imú tó fúyẹ́ sí iwájú ẹ̀, ẹ ó wá máa fi ọwọ́ tì í díẹ̀díẹ̀ títí imú yẹn á fi kan òdìkejì. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wúwo ju iwájú lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ á dojú dé sínú omi. Bàbá ẹ ló máa dúró síbẹ̀ tó máa sọ pé "ẹ tì í" tàbí "ẹ dúró".

Bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ náà, àwa la ń tú u. Wàá dojú bolẹ̀, wàá máa fi bẹ́nẹ́ẹ̀tì tọ ilẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, o ò gbọdọ̀ gún un lóòró, torí orí bọ́ǹbù yẹn ni wọn ò gbọdọ̀ tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lo ń wá. Èèyàn tó bá ti ṣe ìyẹn ní wákàtí mẹ́ta kì í fẹ́ sọ ọ́ fọ́mọ nídìí oúnjẹ.

Ọ̀mọ̀ràn Òwu

Ọ̀rọ̀ àgbà yìí wọlé. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ kún un. Ní October 1967, nígbà táwọn sójà ìjọba àpapọ̀ dé Asaba, àwọn ará Biafra fọ́ afárá Odò Ọya tó lọ sí Onitsha, afárá tuntun tí wọn ò tíì lò pẹ́ rárá. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ pé afárá lásán lè dá odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun dúró, ibẹ̀ náà lẹ ti máa mọ iyì ẹnjiníà.

Ẹ má sì gbàgbé pé iṣẹ́ kan náà ni Ẹbọra Òwu ṣe. Bàbá Ọbásanjọ́ jáde ní Baptist Boys' High School níbí, wọ́n wọṣẹ́ sójà ní 1958, wọ́n bá àwọn UN lọ sí Congo ní 1960, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n bọ́ sí Engineers, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ ní Chatham n'Ìlú Ọba, nígbà tó di 1963 àwọn ni olórí ẹ̀ka ẹnjiníà tó wà ní Kaduna. Àwọn náà ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ 3 Marine Commando ní 1969, ọwọ́ wọn ni ogun parí sí ní January 1970.

Ọdún 1963 yẹn gan-an ni bàbá tìẹ náà wọlé. Ẹ lọ sí láíbìrì Bàbá Ọbásanjọ́ ní Òkè Mosàn, ẹ kàwé nípa àsìkò yẹn. Àmọ́ ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: tí ẹ ò bá rí i nínú ìwé bàbá yín tàbí lẹ́nu ẹni tó bá wọn ṣiṣẹ́, ẹ má kọ pé wọ́n wà ní Onitsha o. Mo ti ka ìwé ìrántí tí wọ́n ti fi òkú sí ojú ogun tí kò dé rí, inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Ìbejì Láfẹ́ńwá

Mo gbà pẹ̀lú yín sà, àmọ́ ilé náà ní tiẹ̀ láti sọ. Sójà ni bàbá tèmi náà, a ò mọ ibi tí wọ́n dé, ohun tí wọ́n ń ṣe nílé la fi mọ̀ wọ́n. Ẹ rántí o, kí ni bàbá máa ń ṣe tí àwọn bàbá yòókù kì í ṣe? Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Kí ẹ sì jókòó ti màámi, ẹ má fi ìbéèrè ogun bẹ̀rẹ̀, ẹ fi fọ́tò hàn wọ́n.

Ọmọ Ìtòkú

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ń sunkún látàárọ̀.

Ìyá Ìbejì, ìgbà tẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo rántí. Tí a bá ń ti Láfẹ́ńwá bọ̀, bàbá kì í kọjá lórí afárá yẹn láìdúró. Wọ́n á páàkì mọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ gbá irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á padà wọ mọ́tò láìsọ nǹkan kan, àwa ọmọ á máa binú pé oòrùn ń pa wá.

Àgbà Alámàlà, mo gbé ìwé yẹn lọ bá màámi lálẹ́ àná, mo ṣírò ẹ̀ fún wọn bẹ́ ẹ ṣe ṣe é, mo fi ìṣáná to páńẹ́lì mẹ́rìnlélógún sórí tábìlì. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní ọdún kejì tí wọ́n ṣègbéyàwó làwọn rí ìwé náà nínú àpò ṣòkòtò, àwọn sì fi jà, àwọn ní ó ń fi owó oṣù ta púùlù, bàbá ò bá wọn jiyàn, wọ́n kàn gba ìwé wọn padà. Màámi ní, "Kí ló dé tí kò sọ fún mi?" Wọ́n wá ní kí n fi ìṣáná yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni má kó o kúrò.

Ojú ìwé pẹ́ńsùlù yẹn la máa tẹ̀ sí iwájú ìwé ìrántí, kí fọ́tò wọn tó tẹ̀ lé e. Àgbà, tí kò bá ni yín lára sà, ẹ bá mi ka ìlà yòókù, mo máa ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbí lálẹ́ yìí.