Báwo ni mo ṣe lè dín iyọ̀ inú sáńwíìṣì Reuben kù fún bàbá mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bàbá mi wà lọ́dọ̀ wa ní Brooklyn, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn fínra. Sáńwíìṣì Reuben ni wọ́n wá kúndùn: búrẹ́dì rye (ọkà kan tó jọ àlìkámà) tí wọ́n fi bọ́tà yan, corned beef pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ (ẹran àyà màlúù ni o, kì í ṣe ti inú agolo tí a mọ̀ nílé), wàràkàṣì Swiss tó ti yọ́, kábéèjì kíkan àti ọbẹ̀ Russian (máyónéèsì tí wọ́n pò mọ́ kẹ́ṣọ́ọ̀pù). Ká sòótọ́, ó dùn! Kábéèjì yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀rá ẹran náà tètè súni.

Purotéènì wà níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ inú omi iyọ̀ ni wọ́n ti ń rẹ ẹran náà, iyọ̀ náà ni wọ́n fi ń kan kábéèjì. Sódíọ̀mù, ìyẹn èròjà tó wà nínú iyọ̀, mílígíráàmù 2,300 lójúmọ́ sì ni ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àgbàlagbà má kọjá.

Mo fẹ́ máa ṣe é nílé. Tí mo bá fomi ṣan kábéèjì, ṣé adùn rẹ̀ ò ní lọ? Ta ló ti fi tòlótòló rọ́pò ẹran náà rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n fún wọn ní sàláàdì o, wọn ò ní jẹ ẹ́.