Ẹ̀rọ tó ń yí sukúrúù kọ́ ni "ìlùṣó"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò wa obìnrin kan ní Àlékúwodò béèrè irú impact driver oníbátìrì, ẹ̀rọ tó ń yí sukúrúù, tóun lè rà sílé, ó fẹ́ fi kan pákó ìkẹ́rù sí ilé ìdáná, ó sì fẹ́ fi to bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n wa kan wá ní kó máa pe ẹ̀rọ náà ní "ìlùṣó", gbogbo yín sì ń pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n ní lù àti ìṣó làwọn fi ṣẹ̀dá ẹ̀, pé ohùn ìsàlẹ̀ ti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára lu tá a fi ń dá ihò lu. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohùn ìsàlẹ̀ inú ìlùṣó, ti ìṣó ni. Lù tó bá ti pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn àárín ló ń bọ́ sí, "ó lu ọmọ", "ó lu ìlù", ẹ pè é síta kẹ́ ẹ gbọ́. Tí fáwẹ̀lì ìṣó bá wá jáde, ohùn ẹ̀ á bọ́ sórí ọ̀rọ̀-ìṣe, bí kọ ìwé ṣe di kọ̀wé. Ẹ fi lù ṣe é, ẹ fi lu ṣe é, ìlùṣó náà ló máa jẹ́. Níwájú arọ́pò-orúkọ lẹ ti lè gbọ́ ìyàtọ̀ wọn: ó lù ú, ó lu ú. Ìlu tí wọ́n fi ń dá awọ lu wà, ìlù tí wọ́n ń lù wà, kò sẹ́ni tó ń ṣi ọ̀kan pè mọ́ èkejì, àfi ìgbà tí ìlùṣó yìí dé tó da méjèèjì pọ̀.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ohùn lásán ni mò ń jà lé. Tí ọmọ yẹn bá dé ọjà Ìgbọ̀nà tó ní òun fẹ́ ẹ̀rọ tó ń lu nǹkan, dírílù tí wọ́n fi ń lu ògiri ni wọ́n máa gbé fún un. Ìyẹn ń jan irin ẹnu ẹ̀ síwájú, wọnú búlọ́ọ̀kù lọ. Èyí tó ń wá kì í jan síwájú. Òòlù kékeré kan wà nínú ẹ̀ tí sípíríǹgì tì lẹ́yìn, tí sukúrúù bá ti le koko tí kò fẹ́ yí mọ́, sípíríǹgì á sún, òòlù á fà sẹ́yìn, á tún fò bọ̀, á gbá irin iwájú ẹ̀ sí apá ibi tó ń yí sí, ó lè ju ìgbà 3,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í lọ́ èèyàn lọ́wọ́. Yíyí ni iṣẹ́ ẹ̀, ìṣó ò sì sí níbẹ̀ rárá, sukúrúù ni.

Bàbá mi káfíńtà ni, l'Ọ́ṣogbo níbí. Mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí pé kí ọmọṣẹ́ "lu" sukúrúù, "yí i kó dè" ni wọ́n máa ń wí, ẹni tó bá sì fi hámà lu sukúrúù níwájú wọn máa gbọ́ ọ. Lọ́dọ̀ wọn ni mo ti mú orúkọ tèmi: ìyídè ni ẹ̀rọ tó ń yí sukúrúù, ìyídè olóòlù ni impact driver. Ì tó wà níwájú ẹ̀ náà ló wà nínú ìgbálẹ̀ àti ìṣáná. Ẹnì kan ti ń bi mí pé ṣé kì í tú sukúrúù ni. Ó ń tú u. Ìdérí ìkòkò ńkọ́, ṣé a kì í ṣí i?

Àbúrò mi, iṣẹ́ ilé tóo sọ yẹn, 12V tí agbára yíyí ẹ̀ tó bíi 100 Nm ti tó o, 18V dáa tóo bá máa kan ìlẹ̀kùn tàbí pákó òrùlé. Má jẹ́ kí wọ́n fi 20V fa owó lọ́wọ́ ẹ, 18V náà ni, márùn-ún ni bátìrì kéékèèké inú ẹ̀, 3.6V ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún ni wọ́n kà tí wọ́n fi kọ 20. Tó o bá rí èyí tí wọ́n kọ brushless sí lára, ra ìyẹn, kò ní búrọ́ọ̀ṣì tó máa ń jẹ tán. Wo ẹnu ẹ̀, onígun mẹ́fà ni, 6.35 mm, bíìtì, ìyẹn irin tá a ń ki bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tí kò bá ní irú ìdí bẹ́ẹ̀ ò ní wọlé. Kò sì ní ohun tó ń dá yíyí ẹ̀ dúró tí sukúrúù bá ti dè, bíi ti dírílù, torí náà rọra tẹ̀ ẹ́ lórí sukúrúù kékeré, ó lè gé e lórí. Ti ògiri ńkọ́? Yá dírílù, fi lu ihò, ki fíṣà, rọ́bà tó ń di sukúrúù mú nínú ògiri, bọ̀ ọ́, kóo tó wá fi ìyídè olóòlù yí sukúrúù wọ̀ ọ́. Ariwo ẹ̀ pọ̀, di etí ẹ.

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ fi gbólóhùn kan hàn mí tí lù àti lu ti yàtọ̀ síra níwájú ìṣó. Ẹyọ kan péré.