Ìrírí wa lọ́dọ̀ àwọn ará Papua tó ń gbé inú igbó ẹgàn

Agbẹ̀bí tó ṣiṣẹ́ ní East Sepik:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé òtòṣì paraku ni àwọn ará Papua inú igbó, pé wọn ò ní nǹkan kan láyé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí mo bá wọn gbé, mo sì bá wọn jẹ nínú abọ́ kan náà. Oúnjẹ ò wọ́n wọn. Ọ̀nà ló wọ́n wọn: ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀nà dé ọjà, ọ̀nà tí oògùn máa gbà dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó bàjẹ́.

Orílẹ̀-èdè Papua New Guinea ni mò ń sọ, èyí tó gba òmìnira lọ́wọ́ Ọsirélíà ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1975. Àwọn fadá ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọ, ipasẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ni èmi náà fi débẹ̀. Abúlé tí mo wà wà ní gúúsù ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Ambunti, lẹ́bàá àwọn òkè Hunstein, létí odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ sínú odò Sepik. Sepik gùn ju 1,100 kìlómítà lọ, síbẹ̀ kò sí ìlú ńlá kan ṣoṣo létí rẹ̀. Mọ́tò ló ń gbé èèyàn láti Wewak, ìlú etí òkun, dé Pagwi létí odò náà. Títì parí síbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́ lára odidi igi kan ló kù, tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí rẹ̀, tí oòrùn àti òjò á máa gbà yín lọ́wọ́ ara wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ ná. Saksak ni wọ́n ń pè é. Igi tó fara jọ ọ̀pẹ ni, inú àbàtà ló ń hù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń tanná láyé rẹ̀, tó bá sì ti tanná tán, ó ń kú lọ nìyẹn, torí náà wọ́n á ti gé e kó tó tanná, nígbà tí inú rẹ̀ kún dáadáa. Ọkùnrin ló ń gé e, òun náà ló ń la èèpo rẹ̀ tó sì ń gún inú rẹ̀ títí á fi dà lẹ́búlẹ́bú. Obìnrin ló ń fọ̀ ọ́. Ìyá kan wà tí mo máa ń tẹ̀ lé lọ sí àbàtà. Ìdí imọ̀ saksak náà ló fi ń ṣe ọpọ́n, á gbé e dagun sórí igi méjì, á da èyí tí wọ́n gún sí i, á bu omi lé e, á wá fi ọwọ́ méjèèjì pò ó, á fún un, omi funfun á sì gba asẹ́ tó fi èèpo àgbọn ṣe kọjá sínú ọpọ́n ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí kò nílò àlàyé. Tí omi bá tòrò tán, á da orí rẹ̀ nù, á kó ìdí rẹ̀ sínú ewé, ó di ilé. Igi kan ṣoṣo lè mú ju 150 kìlógíráàmù lọ. Lálẹ́, á bu díẹ̀ sínú agbada amọ̀ tó ti gbóná, kò sómi, kò sépo, á fi ẹ̀yìn igbá tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, á yí i padà lẹ́ẹ̀kan. A ó fi ẹja àti ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́.

Kùkùté igi tó bá ṣẹ́ kù nínú igbó, wọn kì í jù ú nù. Kòkòrò á yé ẹyin sí i, nígbà tó bá yá wọ́n á padà lọ là á, wọ́n á kó ìdin tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ará wa létí omi ìpínlẹ̀ Òǹdó ń jẹ irú rẹ̀ láti inú ọ̀pẹ, torí náà nígbà tí wọ́n na ti èmi sí mi, mo gbà á, mo jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Ó sì dára tí wọ́n ń jẹ ẹ́, torí saksak nìkan kò lè tọ́ ọmọ dàgbà, èròjà tó ń mú ara dàgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀. Ẹja, ìdin àti ẹran ìgbẹ́ ló ń gbé e ró.

Àárín odò Sepik lọ́hùn-ún, ẹja ni àwọn obìnrin etí odò fi ń gba saksak lọ́wọ́ àwọn obìnrin inú igbó. Kò sí owó níbẹ̀. Ẹja yíyan kan, ìṣù saksak kan, kálukú á padà sílé. Ọjọ́ tí mo jókòó wò wọ́n ni mo mọ̀ pé ètò ọjà wọn ti pẹ́ ju ìjọba tó ń ṣèlú lé wọn lórí lọ.

Ti ilẹ̀ náà ńkọ́? Nǹkan bí ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Papua New Guinea ló wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé àti ẹbí tó ni ín láti ayébáyé. Ọmọ abúlé yẹn tó kéré jù lọ á nawọ́ sí igbó, á sọ fún ẹ pé láti ibi igi báyìí dé odò báyìí, ti bàbá bàbá òun ni. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ máa pè ní ẹni tí kò ní nǹkan kan?

Ṣùgbọ́n tí àìsàn bá dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé ìwòsàn wa jẹ́ yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, àpótí oògùn kan tó sábà máa ń ṣófo, àti fíríìjì tó yẹ kó máa fi iná oòrùn ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí bátìrì rẹ̀ ti kú. Ibà ló ń dà wọ́n láàmú jù, lẹ́yìn rẹ̀ ni ikọ́ ẹ̀gbẹ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ejò.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sáré wá kàn mí lára: "Sista, yu kam!" ìyẹn ni pé, Sista, ẹ máa bọ̀! Sista ni wọ́n ń pe gbogbo nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Mo débẹ̀, ọmọ ti wáyé, ó ń ké dáadáa, ṣùgbọ́n ibi ọmọ kò tíì jáde, ẹ̀jẹ̀ sì ń gba àárín pákó ilẹ̀ kán sísàlẹ̀ ilé. Orí òpó gíga ni ilé wọn máa ń wà, mo ń gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ náà nísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù. Tiwa ti gbóná tipẹ́. Mo fi ọwọ́ ṣe ohun tí ọwọ́ lè ṣe, ẹ̀jẹ̀ náà dínkù, kò dá. Ilé ìwòsàn Ambunti ló kù.

Kò sẹ́ni tó ní bẹntiróòlù tó pọ̀ tó. Ni baálẹ̀ bá pariwo, ni ilé kọ̀ọ̀kan bá ń gbé tirẹ̀ jáde: ẹnì kan mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan wá, ẹnì kan mú ìdajì kẹ́ẹ̀gì, bàbá arúgbó kan gbé agolo wàrà wá tí epo inú rẹ̀ kò ju ìka méjì lọ. Wọ́n fi ewé ṣe àrọ, wọ́n ń dà á pọ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó bèèrè ta ló máa dá a padà. Ọmọkùnrin kan jókòó síwájú ọkọ̀, ó ń tan iná wá àwọn ìtì igi tó ń léfòó lórí omi. Àbúrò ìyá ọmọ náà gbé ọmọ tuntun sínú bilum, àpò tí wọ́n fi okùn hun, ó gbé okùn rẹ̀ kọ́ iwájú orí. Ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Ambunti. Ìyá yè, ọmọ yè.

Ọmọ kan tí ibà gbé gìrì fún kò yè. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, odò ti fà, ọkọ̀ ń há sórí yanrìn, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ tì í. Oògùn tí ì bá gbà á là kò ju oògùn tí ẹ lè rí ní ilé ìwòsàn èyíkéyìí ní Ìbàdàn lọ.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà láti London:

Ẹ ṣeun, Màmá agbẹ̀bí. Ẹ gbà mí láyè kí n fi tèmi kún un. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí mi sí, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sí Asmat, ní apá erékùṣù New Guinea tó wà lábẹ́ Indonéṣíà. Agats ni olú ìlú wọn. Orí òpó ni gbogbo ìlú náà wà, pákó ni wọ́n tò ṣe títì, omi òkun á sì máa wọlé jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Alùpùpù oníná ló ń sáré lórí pákó náà.

Àwọn Asmat sọ pé Fumeripits ló gbẹ́ ère igi, tó lu ìlù, tí àwọn ère náà sì bẹ̀rẹ̀ sí jó títí wọ́n fi di èèyàn, àwọn sì ni ọmọ wọn. Ẹni tó mọ ìtàn Ọbàtálá á mọ ìdí tí ara mi fi bù máṣọ. Tí èèyàn wọn bá kú, wọ́n máa ń gbẹ́ òpó gíga kan tí wọ́n ń pè ní bis fún un: àwọn èèyàn ló gun orí ara wọn, gbòǹgbò igi náà tó rí pẹlẹbẹ á sì yọ síta lókè bí ìyẹ́. Mo dúró ti bàbá kan tó ń gbẹ́ ọ̀kan. Kò fi ẹfun sàmì, kò wọn nǹkan kan, ojú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Tí wọ́n bá parí àjọ̀dún náà, inú oko saksak ni wọ́n ń gbé òpó náà sí kó jẹrà, kí agbára rẹ̀ lè wọ inú igi oúnjẹ. Nílé ọnà ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n ti fi gíláàsì bò ó. Èmi ò lè wò ó bákan náà mọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ebi, mo ní láti sọ pé ebi ti dé ọ̀dọ̀ tiwọn o. Láti ìparí 2017 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2018, ọmọ tó lé ní 70 ló kú ní Asmat, àrùn éèyi àti àìjẹunrekánú ló pa wọ́n. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò dé ọ̀pọ̀ abúlé. Ìrẹsì àti núdùù inú páálí sì ti ń gba ipò saksak àti ẹja lọ́wọ́ wọn. Mo rí ọmọ tó ń jẹ núdùù gbígbẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, odò tó kún fún ẹja sì wà níwájú ilé wọn. Inú mi ò dùn rárá.

Òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ pàjáwìrì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n àti Màmá. Èmi dé Sepik lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì tìtì ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2024. Agbára rẹ̀ tó 6.9, ẹ̀gbẹ́ Ambunti yẹn gan-an ni. Omi ti kún tẹ́lẹ̀, orí omi kíkún ni ilẹ̀ tún ti mì. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ilé ló wó, ó kéré tán èèyàn 5 ló kú. Ẹni tó kú ì bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní bíríkì ni wọ́n fi kọ́lé. Igi àti ewé saksak ló wó lé wọn lórí, wọ́n sì yọ jáde. A gbé tapólì àti oúnjẹ lọ, a bá àwọn kan tí wọ́n ti ń gé igi láti tún ilé kọ́.

Bàbá àgbà kan sọ fún mi pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìyọnu dé bá wọn. Ní nǹkan bí 1972, koríko omi kan tí wọ́n ń pè ní salvinia wọ odò náà láti ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tó fi máa di 1980, ó ti bo nǹkan bí 250 kìlómítà níbùú lóròó. Ọkọ̀ ò lè kọjá, àwọ̀n ò lè wọ omi, ọmọ ò lè dé ilé ẹ̀kọ́, àwọn kan sì kó kúrò ní abúlé wọn. Kòkòrò kékeré kan tí wọ́n gbé wá láti Ọsirélíà lẹ́yìn 1980 ló jẹ koríko náà run láàárín ọdún mélòó kan. Bàbá náà fi ìka kékeré rẹ̀ wọn bí kòkòrò náà ṣe tó hàn mí, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá. Ohun tó ń bà á lẹ́rù báyìí ni ilé iṣẹ́ tó fẹ́ wa bàbà àti wúrà lókè odò Frieda, tó sì fẹ́ kó ìdọ̀tí rẹ̀ sẹ́yìn ìdídò ńlá kan. Ó bi mí pé tí ilẹ̀ bá tún mì bí èyí, ibo ni ìdọ̀tí yẹn máa gbà? Mi ò rí nǹkan sọ.

Agbẹ̀bí:

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kú àyẹ̀wò. Àwọn tó ń bèèrè ohun tí wọ́n lè fi ránṣẹ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi aṣọ ògbólógbòó ránṣẹ́. Bátìrì fíríìjì àti owó epo ọkọ̀ ni ẹ bá àwọn ìjọ tó wà níbẹ̀ sọ. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ń sapá, wọ́n ń ta fànílà, wọ́n ń ta gaharu, igi olóòórùn dídùn tó wà nínú igbó Hunstein, nínú rẹ̀ ni wọ́n ti dáwó jọ fi ọmọbìnrin kan ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Àbúrò ìyá ọmọ yẹn ni, ẹni tó gbé ọmọ sínú bilum. Ọdún tó ń bọ̀ ló máa parí, ó sì ti sọ fún wọn pé abúlé ni òun ń padà sí.