Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé kílọ́ọ̀ṣì alágbára sí mọ́tò yín, kí lojú yín rí?

Àkàndé Mk7
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Golf GTI Mk7 ni mò ń wà, oníjíà ọwọ́, London níbí. Agbára tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ fi ń yí nǹkan, 350 Nm ló gbé kúrò ní ilé iṣẹ́. Oṣù tó kọjá ni mo ní kí wọ́n bá mi ṣe stage 1, ìyẹn kí wọ́n tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì tò kó lè lágbára sí i, ó di 430 lórí ìwọ̀n wọn. Ayọ̀ náà ò tó ọ̀sẹ̀ kan. Mo wà lórí M25, jíà kẹrin, mo tẹná mọ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ́ńjìnnì fò sókè, abẹ́rẹ́ eré dúró síbi tó wà. Lẹ́yìn náà ni òórùn kan wọlé bí ìgbà tí wọ́n ń sun ẹsẹ̀ màlúù. Mo mọ̀ pé kílọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, ló ń yọ̀. Tẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ tiyín ni mo fẹ́ gbọ́ kí n tó náwó.

Bàbá Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀
Ẹ kú ìnáwó.

Mushin dé Manchester
Kó o tó ná kọ́bọ̀, jẹ́ kí wọ́n yẹ abẹ́ ẹ̀ wò dáadáa. Èmi náà sáré bẹ́ẹ̀. Mo ra kílọ́ọ̀ṣì ńlá, a sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀, a bá péléètì kílọ́ọ̀ṣì tó rin gbindin fún ọ́ìlì. Síìlì ẹ̀yìn kiránkì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú ẹ́ńjìnnì, ló ń jò sí i. Péléètì tí ọ́ìlì bá ti kàn, kó jẹ́ ti báàlù, yóò yọ̀ ni. Ká ní a kàn gbé tuntun sí i láìwo síìlì, òun náà ì bá ti mu ọ́ìlì yó kó tó pé oṣù kan.

Ìbàdàn E36
Ẹ jókòó, kí n sọ tèmi.

BMW E36 tí mo so tọ́bò mọ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń sáré ìdíje ní tí mi ò bá gbé six-puck sí i, eré ọmọdé ni mò ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ti ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: péléètì tí ojú ẹ̀ ò yí po, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló yọ bí ìràwọ̀, sẹ́rámíìkì ló wà lórí wọn, tèmi ò sì ní sípíríǹgì kankan láàárín. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ pẹ̀lẹ́. Ó di nǹkan mú tàbí ó fi í sílẹ̀, kò sí agbede méjì.

Lójú títì gbalasa, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn, ó gbá agbára yẹn mú bí ọmọ tó rí ìyá ẹ̀ lọ́jà. Àfìgbà tó di ọjọ́ Sátidé kan, ìyàwó mi ní ká lọ kí màmá òun ní Òjé. Mo gba Òkè Màpó lọ. Gosiló bá dì wá mọ́ orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀. Micra níwájú, Micra lẹ́yìn, ti ẹ̀yìn yẹn ò jìnnà sí bọ́ńpà mi ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Mo tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀, mọ́tò fò, ó kú. Mo tún un tan, ó fò, ó kú. Ìyàwó mi ń mi orí bí alángbá tó já láti orí ìrókò. Onímícra ẹ̀yìn bọ́ọ́lẹ̀, ó rọra wá sójú wíńdò mi, kò tiẹ̀ pariwo, ó ní: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mọ́tò lẹ̀ ń wà ni àbí ọ̀pọ̀lọ́?"

Ìyàwó mi sọ̀kalẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ. Títí dòní, Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́ làwọn àna mi ń pè mí.

Jíà Kẹta
Onímícra yẹn ti pa mí 😂😂

Ìyá Ìbejì Peckham
Ẹ̀yìn ìyàwó ni mo wà. Kí ló dé tẹ́ ò gba Ìwó Road?

Ọkọ tèmi náà gbé pressure plate líle kan, irin tó ń tẹ péléètì kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, sí Civic tá a jọ ń wà. Ó ní mi ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nígbà tí mo fi débi iṣẹ́, orúnkún òsì mi ń gbọ̀n bíi ti ẹni tó gun Olúmọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ fún un, ó ní kí n máa ṣe eré ìdárayá. Mo bá kó kọ́kọ́rọ́ fún un, mo ní kó máa gbé àwọn ìbejì lọ sílé ìwé fúnra ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ló lọ pààrọ̀ ẹ̀.

Ìbàdàn E36
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, Ìwó Road náà dí pa lọ́jọ́ yẹn.

Onílé Òjé
Ọjọ́ ọjà aṣọ ni àbí ọjọ́ lásán? Nítorí tó bá jẹ́ ọjọ́ lásán, ọ̀nà yẹn kì í dí.

Àkàndé Mk7
Ẹ̀yin ará, Golf mi ńkọ́?

Mushin dé Manchester
Má dá wọn lóhùn. Wò ó, kílọ́ọ̀ṣì ò ní àṣírí kankan nínú. Bí ojú péléètì ṣe ń gbá nǹkan mú, bí pressure plate ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, bí péléètì ṣe fẹ̀ tó, àti iye ojú tó ń fara kanra, ibẹ̀ ni gbogbo agbára ẹ̀ ti ń wá. Tó o bá mú sẹ́rámíìkì, ó ń gba ìrọ̀rùn lọ́wọ́ ẹ, bíi ti Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́. Tó o bá mú pressure plate líle, ó ń gba orúnkún Ìyá Ìbejì. Oní-péléètì-méjì ń sọ ojú méjì di mẹ́rin, àpò ẹ nìyẹn máa gbà. 430 Nm ò tó ohun tá à ń tìtorí ẹ̀ jìyà. Mú péléètì onísípíríǹgì tí ojú ẹ̀ dà bíi ti ilé iṣẹ́, kí pressure plate ẹ̀ fi díẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó tán.

Bàbá Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀
Kò tíì tán o. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé flywheel aláwẹ́ kan sí i, irin róbótó tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì tí kílọ́ọ̀ṣì ń dì mọ́. Ti Golf yẹn, aláwẹ́ méjì ni, sípíríǹgì wà láàárín tó ń mu ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì. Èmi yọ tèmi kúrò kí mọ́tò lè fúyẹ́. Lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì ń yára gòkè. Àmọ́ bí mo bá dúró níbi iná pupa báyìí, jíàbọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, àwọn tó ń kọjá á máa wò mí bí ẹni tó gbé ẹgbẹ́ oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sínú búùtù. Mi ò ṣèèṣì jẹ́ orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí.

Jíà Kẹta
Mo ti ń rò ó látọdún yìí pé onílù ni yín!

Houston WRX
Èyí tẹ́ ẹ ò sọ ni pé kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ ń gba nǹkan mìíràn là. Subaru WRX ni tèmi, oníjíà márùn-ún. Mo gbé kílọ́ọ̀ṣì tí ò mọ yíyọ̀ sí i, mo wá ń fi 5,000 rpm, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, gbéra ní pápá ìsáré. Lẹ́ẹ̀kẹta, eyín jíà kejì dà sílẹ̀ bí àgbàdo. Kílọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ni fíúùsì, èmi ni mo fi wáyà rọ́pò fíúùsì.

Jíà Kẹta
Ẹsẹ̀ yín ló fọ́ ọ, ẹ má ti ọ̀rọ̀ sí kílọ́ọ̀ṣì. Wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń wọ́ mọ́tò yẹn, táyà ò yọ̀, kílọ́ọ̀ṣì ò yọ̀, níbo lẹ fẹ́ kí agbára gbà?

Houston WRX
Ohun témi náà ń sọ nìyẹn.

Jíà Kẹta
Rárá o, ẹ ní kílọ́ọ̀ṣì ni.

Houston WRX
Ẹ lọ tún un kà.

Ọ̀lẹ Aládùn
Ẹ ra DSG, jíà tó ń yí ara ẹ̀, ẹ sinmi ariwo.

Mushin dé Manchester
Kílọ́ọ̀ṣì méjì ló wà nínú DSG. Ìwọ ni ò rí wọn.

Bàbá 504
Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí. Láyé tiwa, bí kílọ́ọ̀ṣì Peugeot bá jẹ, a ó gbé péléètì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kan líníìnì tuntun, ojú tó ń gbá nǹkan mú, mọ́ ọn. Tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, a ti wà lọ́nà Ìlọrin.

Mushin dé Manchester
Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Líníìnì tí wọ́n kàn lábẹ́ igi, tẹ́ ẹ bá gbé e dé 7,000 rpm, ó lè tú ká lẹ́sẹ̀kan náà. Àwọn tó ń sáré drag, ìdíje ojú títì gbọọrọ, ní Amẹ́ríkà, irin tó nípọn ni wọ́n fi ń yí ibẹ̀ ká, kó má baà gé wọn lẹ́sẹ̀.

Bàbá 504
Ta ló ń lọ sí 7,000? Ìlọrin ni mo ní mò ń lọ.

Àkàndé Mk7
Mo ti ṣe é, ẹ bá mi yọ̀. Síìlì ò jò, mo kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí Mushin ṣe wí ni mo ṣe, flywheel náà jẹ́ aláwẹ́ méjì tuntun, mi ò fẹ́ lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Nígbà tí jíàbọ́ọ̀sì wà nílẹ̀, mo ní kí wọ́n pààrọ̀ release bearing, èyí tó ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tá a bá tẹ̀ ẹ́, torí inú ló wà pẹ̀lú ọ́ìlì bíréèkì tó ń tì í; tó bá jò lọ́la, gbogbo ẹ̀ ló tún máa wálẹ̀. Bóòtù flywheel náà, tuntun ni gbogbo wọn.

Wàhálà tó kù: wọ́n ní kí n fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà á fún 500 máìlì, láàárín ìgboro ni o, kí ojú péléètì lè jókòó. 180 ni mo ṣì wà. Lánàá, mọ́tò díísẹ̀lì kékeré kan já mi sílẹ̀ níbi iná. Awakọ̀ ẹ̀ rí àmì GTI lára mọ́tò mi, ó juwọ́ sí mi.

Ìyá Ìbejì Peckham
Orúnkún ńkọ́?

Àkàndé Mk7
Ó le díẹ̀. Ìyàwó mi ti wà á, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìbàdàn E36
Kò tíì gun òkè ni.

Onílé Òjé
Bọ̀dá E36, ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ṣé ọjọ́ ọjà ni àbí ọjọ́ lásán?