Kí ló dé tí root kì í rí páswọ́ọ̀dù tí mo fi pamọ́ lórí Linux?

Àbúrò Leeds
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ubuntu 24.04, oríṣi Linux kan, ni mo ń lò. Back In Time ló ń kó ẹ̀dà fáìlì mi lọ sórí NAS (àpótí ìtọ́jú fáìlì tó wà lórí network), SSH (ọ̀nà ìsopọ̀ abẹ́ ààbò láàárín ẹ̀rọ méjì) ló sì ń gbà. Tí mo bá ṣí i lórúkọ ara mi, ó ń lọ geere. Tí mo bá ṣí èyí tó jẹ́ ti root (ọ̀gá tó ní gbogbo agbára lórí ẹ̀rọ), ó ní òun ò rí páswọ́ọ̀dù kọ́kọ́rọ́ SSH mi, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú keyring (àpò tí ẹ̀rọ ń kó páswọ́ọ̀dù mi pamọ́ sí). Ṣebí root ló ni gbogbo ẹ̀rọ? Kí ló dé tí kò lè rí i?

Ẹ̀gbọ́n Houston
Àbúrò, root lè ka fáìlì rẹ lóòótọ́, àmọ́ fáìlì nìkan kò tó. ~/.local/share/keyrings/login.keyring ni fáìlì náà, páswọ́ọ̀dù tí o fi ń wọlé ni wọ́n sì fi tì í pa. Tí o bá ń wọlé, PAM (apá Linux tó ń yẹ ìwọlé wò) á gbé ohun tí o tẹ̀ fún pam_gnome_keyring, ìyẹn á ṣí keyring fún gnome-keyring-daemon (daemon ni ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀). Láti ìgbà náà lọ, daemon yìí ló ń dá àwọn ètò lóhùn, orúkọ tó ń jẹ́ lórí D-Bus (bus ni ọ̀nà tí àwọn ètò fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) ni org.freedesktop.secrets. Bus tìrẹ wà ní /run/user/1000/bus, bí UID rẹ, ìyẹn nọ́mbà tí ẹ̀rọ fi mọ̀ ọ́, bá jẹ́ 1000 (tẹ id -u kó o mọ̀).

Ibi tí sudo (àṣẹ tó ń ṣí ètò lórúkọ root) ti ń já okùn náà nìyí. Ó ń nu ọ̀pọ̀ environment variable (ìsọfúnni tí ètò ń bá pàdé nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀) kúrò, DBUS_SESSION_BUS_ADDRESS sì wà lára wọn, ètò tó ṣí kò wá mọ ibi tí bus wà mọ́. Láti Ubuntu 19.10 ló tún ti ń sọ HOME, ìyẹn àdírẹ́sì ilé fáìlì ẹni, di /root, ìyẹn ni pé ètò á lọ máa wá keyring ní /root/.local/share/keyrings, níbi tí o kò fi nǹkan kan sí. Fi ojú ara rẹ rí i:

echo $DBUS_SESSION_BUS_ADDRESS
sudo env | grep -E 'DBUS|HOME|XDG'

Nígbà mìíràn ó lè kọ "Cannot autolaunch D-Bus without X11 $DISPLAY", tàbí kó ní òun ò rí dbus-launch. Ìtumọ̀ kan náà ni: kò sí bus tí mo lè bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń lo KDE náà kò bọ́ nínú rẹ̀, ~/.local/share/kwalletd/kdewallet.kwl ni tiwọn.

Bọ̀dá Manchester
Ẹ̀gbọ́n, ṣé sudo -E kò ní yanjú ẹ̀? Ṣebí ó máa gbé gbogbo variable dání.

Ẹ̀gbọ́n Houston
Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Àdírẹ́sì bus á dé ọ̀dọ̀ root lóòótọ́, àmọ́ bus máa ń wo UID ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ti 1000 ni, ẹni tó dé sì jẹ́ 0, nọ́mbà root, kò ní gbà á wọlé. Àdánù tó wà níbẹ̀ ju àǹfààní lọ: tí XDG_RUNTIME_DIR (variable tó ń tọ́ka sí /run/user/1000) bá bá a lọ, root lè dá fáìlì sílẹ̀ nínú /run/user/1000. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí "unable to create file '/run/user/1000/dconf/user': Permission denied", àwọn ètò tiyín ò sì ní lè tọ́jú settings tí ẹ yàn fún wọn mọ́. Èyí tó wà ní /run máa lọ tí ẹ bá tan ẹ̀rọ pa kí ẹ tó tún un tàn, àmọ́ èyí tó bá wọ ilé yín kò ní lọ fúnra rẹ̀. Ẹ wá a kàn báyìí:

sudo find "$HOME" -xdev -user root -ls

Ẹ ka ohun tó bá kọ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé inú .config, .cache tàbí .local ni wọ́n wà:

sudo chown -R "$USER": ~/.config ~/.cache ~/.local

Ohun tí mò ń bẹ gbogbo èèyàn níbí ni pé kí wọ́n má gbé keyring wá bá root. Ẹ jẹ́ kí ètò máa ṣiṣẹ́ lórúkọ yín, kí ẹ sì fún un ní agbára root níbi kékeré tó ti nílò rẹ̀ nìkan.

Àǹtí Atlanta
Òótọ́ ni. Àbúrò Leeds, ìbéèrè àkọ́kọ́: ṣé /home rẹ nìkan lò ń tọ́jú? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, o ò nílò root rárá, lo èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Tí o bá fẹ́ kó /etc àti àwọn fáìlì tí root nìkan lè kà mọ́ ọn, fún root ní kọ́kọ́rọ́ SSH tirẹ̀ tí kò ní páswọ́ọ̀dù:

sudo ssh-keygen -t ed25519 -f /root/.ssh/afeyinti -N ""
sudo ssh-copy-id -i /root/.ssh/afeyinti.pub oruko@192.168.1.20

Fi orúkọ tìrẹ àti àdírẹ́sì NAS rẹ dípò èyí tí mo kọ. Nínú Back In Time ti root, lọ sí profile, yan SSH, kí o sì fi /root/.ssh/afeyinti síbi tí wọ́n ti ń béèrè private key. Ìwé known_hosts (àkójọ àwọn ẹ̀rọ tí SSH ti mọ̀) ti root yàtọ̀ sí tìrẹ, ìdí nìyẹn tí ssh-copy-id á fi bi ọ́ bóyá o gba ẹ̀rọ náà gbọ́. Fi fingerprint rẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà, wé èyí tó wà lórí NAS kó o tó dáhùn yes.

Kọ́kọ́rọ́ tí kò ní páswọ́ọ̀dù léwu bí ẹlòmíràn bá rí i kó. Torí náà, ṣí ~/.ssh/authorized_keys lórí NAS, kí o fi from="192.168.1.15" sí iwájú ìlà kọ́kọ́rọ́ yẹn, ìyẹn àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà rẹ. Kọ́kọ́rọ́ náà kò ní ṣí ilẹ̀kùn láti ibòmíràn. Sọ fún router kó má pààrọ̀ àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, backup á dúró lọ́jọ́ tó bá pààrọ̀.

Bọ̀dá Manchester
Àǹtí, ẹ ṣeun. Folder Samba (folder tí a ń pín lórí network) tí mo ṣí nínú Files ńkọ́? Páswọ́ọ̀dù rẹ̀ wà nínú keyring, mo ń rí folder náà dáadáa, àmọ́ root ní "Permission denied".

Àǹtí Atlanta
/run/user/1000/gvfs ni folder yẹn wà, FUSE (ọ̀nà tí ẹni tí kì í ṣe root fi ń gbé folder kalẹ̀) ló gbé e kalẹ̀. FUSE kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn wọ ohun tí olúwarẹ̀ gbé kalẹ̀, root gan-an kò wọ̀ ọ́. Chmod, àṣẹ tó ń yí ìyọ̀ǹda fáìlì padà, kò lè tún un ṣe. Ẹ fi cifs-utils sórí ẹ̀rọ, kí ẹ ṣẹ̀dá /mnt/foto, kí ẹ wá kọ ìlà kan yìí sínú /etc/fstab (àkójọ ohun tí ẹ̀rọ ń gbé kalẹ̀ nígbà tó bá ń tàn):

//192.168.1.20/foto /mnt/foto cifs credentials=/root/.smbcred,uid=1000,gid=1000,_netdev,nofail 0 0

Inú /root/.smbcred ni username= àti password= máa wà, ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ àmì =. Lẹ́yìn náà, sudo chmod 600 /root/.smbcred, sudo systemctl daemon-reload, sudo mount -a. Ẹ má ṣe gbàgbé nofail, òun ni kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ yín há lójú ọ̀nà nígbà tí NAS bá kú.

Àbúrò Leeds
Ẹ ṣé gan-an, mà. Browser ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Houston
Má fi sudo ṣí browser láé. Chrome á ní "Running as root without --no-sandbox is not supported", àwọn kan á wá lọ fi --no-sandbox kún un. Ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ìkà lọ́wọ́ ni wọ́n lé lọ yẹn, páswọ́ọ̀dù ò sì ní hàn síbẹ̀, torí kọ́kọ́rọ́ tó fi ń ṣí wọn, Chrome Safe Storage, wà nínú keyring tìrẹ. Firefox kò lo keyring lórí Linux, inú profile ni key4.db àti logins.json wà, ṣùgbọ́n profile ti root yàtọ̀, òfìfo ni.

Tó bá jẹ́ torí àtiṣàtúnṣe fáìlì inú /etc ni, lo sudoedit:

SUDO_EDITOR="code --wait" sudoedit /etc/fstab

Ẹ̀dà fáìlì ni editor máa ṣí lórúkọ rẹ, sudo á wá dá a padà sáyè rẹ̀ nígbà tí o bá pa á dé. Tí o bá gbàgbé --wait, code á dá terminal lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, sudoedit á gbà pé o ò yí nǹkan kan padà. Lórí GNOME, o tún lè kọ admin:///etc síbi àdírẹ́sì nínú Files. Wireshark (ètò tó ń wo ohun tó ń kọjá lórí network) náà kò nílò sudo: sudo dpkg-reconfigure wireshark-common, dáhùn Yes, sudo usermod -aG wireshark $USER, jáde kí o tún wọlé. virt-manager (ètò tó ń ṣàkóso virtual machine) ńkọ́? Group libvirt ni tirẹ̀.

Bọ̀dá Manchester
Disk ìta tí mo fi LUKS (ètò Linux tó ń fi páswọ́ọ̀dù ti disk pa) tì, root ló ń ṣí i, páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sì gùn. Ṣé kò sí ọ̀nà láti mú un nínú keyring?

Ẹ̀gbọ́n Houston
Ó wà. Ẹ fi libsecret-tools sórí ẹ̀rọ. Ẹ tọ́jú páswọ́ọ̀dù náà lẹ́ẹ̀kan, ó máa ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́:

secret-tool store --label="Disk afeyinti" disk afeyinti

Tí ẹ bá fẹ́ lò ó:

secret-tool lookup disk afeyinti | sudo cryptsetup open --key-file=- /dev/sdb1 afeyinti

Ẹ kíyè sí i: secret-tool ń ṣiṣẹ́ lórúkọ yín, cryptsetup nìkan ni root. Ẹ má fi echo rọ páswọ́ọ̀dù sínú store, torí echo á fi newline (àmì ìlà tuntun) sí i nídìí, cryptsetup á sì kà á mọ́ páswọ́ọ̀dù, disk ò ní ṣí. Ẹ tún fi lsblk wò ó bóyá /dev/sdb1 ni lóòótọ́.

Àbúrò Leeds
Ìkan ṣoṣo tó kù. Láìlo sudo pàápàá, keyring ń béèrè páswọ́ọ̀dù nígbàkúùgbà tí mo bá wọlé.

Àǹtí Atlanta
Bóyá o tan autologin. Kò sí páswọ́ọ̀dù tí o tẹ̀, PAM kò rí nǹkan kan gbé fún keyring. Tàbí kó jẹ́ pé sudo passwd ni wọ́n fi pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù rẹ: root kò mọ ti tẹ́lẹ̀, keyring wá dúró lórí èyí àtijọ́. Ṣí Passwords and Keys, ìyẹn seahorse, fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ Login, yan Change Password, fi ti àtijọ́ sí i, kí o wá fi èyí tí o fi ń wọlé báyìí. Tí o bá ti gbàgbé ti àtijọ́ pátápátá, o máa pa keyring náà rẹ́ ni, kí o sì tún tẹ gbogbo páswọ́ọ̀dù inú rẹ̀.