Ilé 60, mọ́tò oníná 60: ìbéèrè tó gbé mi ṣubú níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ọmọ Ìbàdàn, Birmingham: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún méje ni mo fi ṣiṣẹ́ iná ọba nílé kí n tó wá síbí. Lóṣù tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan pè mí wá fún ipò network designer, ẹni tó ń yàwòrán bí iná ṣe máa dé ilé. Wọ́n ní ká sọ pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé 60 sójú kan, tí ilé kọ̀ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì mọ́tò, 7kW. Transformer wo ló máa gbé e? Mo sọ 7 di ìlọ́po 60, mo ní 420kW. Wọ́n wojú ara wọn. Wọn ò pè mí mọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Bàbá Ìbejì, Glasgow: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ìṣirò rẹ ò burú, àsìkò ni o gbàgbé. Rántí jẹnẹrétọ̀ tí gbogbo kọ́ńpáǹdì jọ ń lò. Bí ilé mẹ́jọ bá ní áyọ́ọ̀nù, ṣé èyí tó máa gbé áyọ́ọ̀nù mẹ́jọ la máa ń rà? Gbogbo wa kì í lọṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbí, shower oníná lè fa 9kW, síbẹ̀ transformer àdúgbò kì í jó láàárọ̀, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń wẹ̀.

Ti mọ́tò yàtọ̀, wákàtí lòun fi ń fa iná. Ibi tó ti wá le ni pé bí àwọn tó ń ta iná bá dín owó rẹ̀ kù lóru, gbogbo mọ́tò tó ti ń dúró de àsìkò yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á pa pọ̀. Heat pump tó ń mú ilé gbóná ńkọ́? Lọ́jọ́ tí òtútù bá mú gan-an, ta ló máa pa tirẹ̀? Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ nìyẹn: èwo ló ń tú ká, èwo ló ń wọ́ jọ. Ọ̀pọ̀ ọdún sí i là ń yàwòrán fún. Wáyà tí a sin lónìí, a ò fẹ́ tún títì gbẹ́ nítorí rẹ̀ lọ́dún márùn-ún.

Ìyá Tóbi, Leeds: Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì. Àbúrò, fi oòrùn kún un. Nílé, iná tó ń ṣe wínní-wínní là ń sunkún rẹ̀. Níbí, páńẹ́lì orí òrùlé lè ti voltage, agbára tó ń ti iná, sókè jù lọ́sàn-án. 230V ni, kò gbọdọ̀ kọjá 253V, kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju nǹkan bíi 216V lọ. Ka G99, tó sọ bí wọ́n ṣe ń so ohun tó ń pèsè iná mọ́ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, àti P2, tó sọ bí iná ṣe gbọ́dọ̀ tètè padà tó bí nǹkan bá bàjẹ́. PowerFactory, sọfitiwia tí a fi ń ṣe ìṣirò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì iná, ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wa. Bí o bá mọ ETAP, tó jẹ́ irú rẹ̀, má fi pamọ́, load flow, ìṣirò bí iná ṣe ń ṣàn, ni load flow.

Ọmọ Ẹ̀gbá, London: Búrẹ́dì lèmi ń tà o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n dá sí i. Ní August 9, 2019, King's Cross ni mo wà nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dúró. Bí wọ́n ṣe ní iná ló lọ, mo pariwo "NEPA!" Àwọn òyìnbó ń wò mí.

Bàbá Ìbejì, Glasgow: 😂 Ọjọ́ yẹn kì í ṣe eré o. Frequency, iye ìgbà tí iná ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, já láti 50Hz dé 48.8Hz, ẹ̀rọ sì fúnra rẹ̀ gé oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù kan kúrò, kí ìyókù má bàa dà wó. Kò tó wákàtí kan tí iná fi padà, ọkọ̀ ojú irin ló pẹ́ kó tó gbọ́ràn. Àbúrò, ìwọ ti rí grid, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì iná gbogbo orílẹ̀-èdè, tó wó pátápátá rí. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn níbí ti kà á. Sọ ohun tó o rí àti bí wọ́n ṣe gbé e dìde.

Ọmọ Ìbàdàn, Birmingham: Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ ṣeun púpọ̀. Wáyà 11kV àti 33kV ni mo ṣe jù nílé. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú CV, mo rò pé wọn ò ní kà á sí.

Bàbá Ìbejì, Glasgow: Há! Dá a padà kíákíá. 11kV àti 33kV náà là ń lò níbí, 50Hz kan náà. Kọ bí fídà yẹn, wáyà tó ń gbé iná lọ sí àdúgbò, ṣe gùn tó, iye transformer tó wà lórí rẹ̀, àti ìdí tó o fi yan èyí tó o yàn. Fi ránṣẹ́ sí mi lórí inbox kó tó di Friday. Bírò pupa ni mo máa fi kà á o.